Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe bàbá wa, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Hepatitis B ti ba ẹ̀dọ̀ bàbá wa jẹ́, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti le. Ikùn àti ẹsẹ̀ wọn wú. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọn kì í sùn lóru, wọ́n sì ń ṣi orúkọ wa pè. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe wọ́n, ká gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Ṣé ẹ̀dọ̀ lè mú ọpọlọ ni? (Ọmọ wọn, Kubwa, Abuja)

Ìdáhùn: Ẹ̀dọ̀ ló jọ pé ó fà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá wọn nílé. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Kubwa níbẹ̀. Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá ti yunifásítì ní Gwagwalada. Ẹ lè gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti ń pa oró amónìà inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti le kò rí i ṣe mọ́, oró náà á sì gun orí. Oorun tó yí padà ni àmì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àìyàgbẹ́, oògùn oorun, kòkòrò àrùn tó wọ omi inú ikùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, gbogbo wọn ló lè dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún wọn ní lactulose, ẹ má dá a dúró nítorí pé ó ń yà wọ́n nígbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kí wọ́n yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́ la fẹ́.

Bí ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀ bá dí, ẹ̀jẹ̀ á ya gba ibòmíràn, bí ọkọ̀ ṣe ń ya gba àdúgbò nígbà tí títì Kubwa bá há. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀nà oúnjẹ á wú, wọ́n sì lè bẹ́. Èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.

Kíndìnrín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó mọ́. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ẹ̀yìn ríro lè pa á pátápátá. Bí ara bá ń ro wọ́n, paracetamol ni, kó má ju hóró 500 mg mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ gbé àgbo kúrò nílẹ̀. Bí ìtọ̀ wọn bá dín kù, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Ẹ má fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja dù wọ́n, ara wọn nílò rẹ̀. Iyọ̀ àti màgí ni kí ẹ dín kù.

Kí gbogbo yín nílé yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún Hepatitis B, torí ó máa ń ràn. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.