Má tíì ta gìtá ọwọ́ rẹ

Àbúrò mi, o ní okùn gìtá tòkunbọ̀ tí o rà ń dun ìka rẹ, o sì ń béèrè bóyá kí o fi ṣe pàṣípààrọ̀, kí o fi owó lé e. Dákun, ní sùúrù ná.

Mo ti ta mẹ́ta, mo sì ti pààrọ̀ méjì, kí n tó rí èyí tí ọkàn mi fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń dùn mí dòní. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo bá tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó rà á fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí irin inú ọrùn náà lójú mi, kò tó ìdajì yíyí, okùn sì sọ̀kalẹ̀ wọ̀ọ̀.

Fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn tó nípọn jù àti irin kejìlá nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn gìtá, bí o bá kà á láti ìhà orí rẹ̀. Bó bá ju mìlímítà 3 lọ, ohun tó ń dun ìka rẹ nìyẹn.

Bó bá wá di dandan kí o pààrọ̀ rẹ̀, yẹ etí ihò gìtá tuntun náà wò. Bí pákó bá lé ara wọn ní ìpele ìpele, pílíwúdù ni. Bí ìlà igi bá ti ojú rẹ̀ wọnú lọ láì já, ojúlówó pákó ni, irú èyí tó wà lójú gìtá Yamaha FG800. Ọ̀rinrin ọ̀sà Ìkòròdú yìí náà ń mú igi wú o! Ti bébà sábẹ́ igi tí wọ́n so okùn mọ́. Bó bá wọlé, igi náà ti ń ṣí, má gbà á.

Wọn àlàfo yẹn lónìí, kí o kọ iye rẹ̀ síbí fún mi.