Ìgbà wo ni etí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn ariwo ńlá?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Owódé ní Ọ̀fà. Mo ń lọ ata, mo ń lọ ẹ̀wà, mo sì ń lọ èlùbọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a sìnkú bàbá ìyàwó mi. Ọdẹ ni bàbá, àwọn ẹgbẹ́ wọn wá yìnbọn ẹ̀yẹ, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo sì dúró sí. Nǹkan kan ò ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mẹ́rin ni etí mi méjèèjì ti ń hó tí mo bá ti dùbúlẹ̀. Ó ń dún ṣíín, kì í dákẹ́ títí oorun á fi gbé mi lọ. Ìyàwó mi ní ìbọn yẹn ló fà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kí n máa kán àdí gbígbóná sí i. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìbọn lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́ lára etí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kán àdí kankan sí i. N óò padà sórí ìyẹn.

Etí tí ìró ìbọn bá ṣe léṣe kì í pẹ́ kó tó sọ. Lójú ẹsẹ̀ ló máa ń hó, tàbí láàárín wákàtí díẹ̀, ó pẹ́ jù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Lọ́pọ̀ ìgbà etí á tún dí, ọ̀rọ̀ èèyàn á wá máa dún lókèèrè. Désíbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì jókòó ń bá ara wọn sọ kò ju nǹkan bíi 60 lọ, ìró ìbọn sì sábà máa ń kọjá 140. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo irú ìyẹn tó láti ba etí jẹ́. Tí tiyín bá jẹ́ ti ìbọn nìkan, ọjọ́ ìsìnkú yẹn gan-an ni ẹ ò bá ti mọ̀. A máa ń rí ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọn ò wọ́pọ̀.

Ariwo sípíkà náà ń tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹni tó jókòó ti sípíkà níbi ìgbéyàwó ní Ìlọrin lálẹ́ Sátidé, kó tó délé ni etí rẹ̀ á ti máa hó. Púpọ̀ nínú wọn, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ní etí ti bọ́. Ní 2009, Sharon Kujawa àti Charles Liberman ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi eku ṣe. Ariwo wákàtí méjì ni wọ́n fi lu àwọn eku náà. Ìgbọ́ràn wọn padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ojúkò tí sẹ́ẹ̀lì etí ti ń kan iṣan ìgbọ́ràn ti já, wọn ò sì so padà mọ́. Nítorí náà, híhó tó lọ kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ohun tí mo wá ń fura sí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ẹ̀rọ ìlọta. Ìbọn lè ti dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí tó ti rẹ̀ ló bá. Ẹ fi èyí wò ó: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí oníbàárà fi ọwọ́ kan na abọ́ ata rẹ̀ sí yín, ṣé ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ láìpariwo? Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọgun kó tó gbọ́ yín ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ariwo ibẹ̀ ti tó 85 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, NIOSH, ní wákàtí 8 lójúmọ́ ni kí èèyàn má kọjá nínú ariwo 85. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá sì fi 3 lé, ẹ pín wákàtí náà sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí kan. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ti parí ti ọjọ́ náà. Ẹ wá wo ìdúró yín nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọdún mẹ́sàn-án.

Irú ariwo ojoojúmọ́ yìí kì í ní ọjọ́ kan pàtó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Nínú etí lọ́hùn-ún, ibì kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, nǹkan bíi 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tìn-ín ló sì wà nínú rẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń sọ ìró di ohun tí iṣan lè gbé lọ sínú ọpọlọ. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé nígbà tí ìròyìn tó ń ti ibẹ̀ wá bá dín kù, ọpọlọ á máa nàgà fún ohun tí kò gbọ́ mọ́, nínú ìnàgà yẹn ni híhó ti ń jáde. Ó tún ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ló ti wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ẹ́ńjìnnì bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́, tí iná ọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì dákẹ́, kò sí ohun tó máa bò ó mọ́.

Ẹ bi ìyàwó yín bóyá ẹ ti ń dá a padà pé kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ìró tó lọ sókè ni ariwo kọ́kọ́ ń jí gbé, èyí tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (4,000 Hz). Nínú èdè wa, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ṣì máa ń dé etí dáadáa nítorí pé ìró wọn kò ga, ṣùgbọ́n "s", "ṣ" àti "f" á ti máa bọ́ sọnù. Ìdí nìyẹn tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fi ń sọ pé, "Mò ń gbọ́ yín o, kò kàn yé mi ni."

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn fúnra yín: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ṣé ẹ tọ́jú ibà? Kiníìnì máa ń mú kí etí hó, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn àti ásípírìn tó pọ̀ jù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ lò sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì, kí ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró láìsọ fún un.

Àdí ńkọ́? Rárá o. Tí awọ ìlù etí bá ti lu, ohun tí ẹ bá kán á wọ inú lọ. Tó bá gbóná, á jó yín. Ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń ro etí náà ń ti ìdọ̀tí wọ inú ni, ìdọ̀tí tó dí etí sì lè mú kó hó. Nọ́ọ̀sì lè bá yín yọ ọ́ kíákíá.

Ẹ wá sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì. Ẹ má tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ẹ sì tètè pa á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí etí ti sinmi tó wákàtí 16, kí àyẹ̀wò má baà tàn wá jẹ. Wọ́n á gbé nǹkan bo etí yín nínú yàrá tó dákẹ́, ẹ̀yin á sì máa nawọ́ sókè nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó. Ṣùgbọ́n tí etí kan bá ṣàdédé di, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí híhó náà ń lù pẹ̀lú ọkàn yín, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Oògùn wà fún etí tó ṣàdédé di, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló wúlò jù.

Kò sí oògùn tó ń lé híhó lọ pátá, ẹ má ná owó yín fún ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀. Rédíò tí ẹ yí sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́bàá ibùsùn máa ń ran oorun lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń mọ́ra tó bá yá tí wọn kì í kà á sí mọ́.

Nídìí ẹ̀rọ, ẹ yí ẹnu sàlẹ́ńsà kúrò lápá ibi tí ẹ ń dúró sí, tí àyè bá sì wà, ẹ mọ ògiri sáàárín ẹ̀yin àti ẹ́ńjìnnì. Òwú lásán kò tó nǹkan. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bàtà iṣẹ́ àti akoto, kí ẹ béèrè ìdí-etí onífóòmù, ohun rírọ̀ tí a fi ń dí ihò etí. Ẹ fi ìka lọ́ ọ títí á fi tín-ínrín, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi wú padà. Tó bá wọ̀ dáadáa, ohùn tiyín fúnra yín á máa dún nínú orí yín. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́, ẹ ra tirẹ̀ náà, torí ó ṣeé ṣe kó súnmọ́ ẹ́ńjìnnì jù yín lọ.