Àáfà, ṣé ó burú kí n máa ya kọ́míìkì Naruto?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, iléèwé gíga ni mo wà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ya kọ́míìkì lórí fóònù, àwọn ẹ̀dá inú Naruto, kọ́míìkì àwọn ará Japan, ni mo ń lò àmọ́ ìtàn yẹn, èmi ni mò ń rò ó fúnra mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni mo máa ń gbé ojú ewé mẹ́jọ sórí Instagram, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní haraamu ni, pé lọ́jọ́ àjíǹde wọ́n máa ní kí n fẹ́ ẹ̀mí sí gbogbo wọn lára, ó tiẹ̀ fa èyí tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa ya. Ẹnì kan ní òun máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ká jọ tà á, ẹlòmíì ní kí n bá òun ya Ànábì Yúsúfù bíi ti Naruto. Nígbà míì mo máa ń yà á di aago mẹ́ta òru, Àsùbáà á wá kọjá mọ́ mi lójú oorun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlámù. Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé Àsùbáà ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, má bá ẹ̀gbọ́n ẹ jà. Ohun tó sọ yẹn, àdíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ọkùnrin kan wá bá Ibn Abbas, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun fi ń jẹun, àwòrán yìí lòun ń yà. Ibn Abbas sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún un, ni ọkùnrin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ojú ẹ̀ di yẹ́lò. Ibn Abbas wá ní tó bá jẹ́ pé o ò lè ṣe kó o má yà á, igi ni kó o máa yà, àti gbogbo nǹkan tí ò ní ẹ̀mí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Zayd ọmọ Khalid, sàábé lòun náà, wà lára àwọn tó gba àdíìsì wá pé màlékà kì í wọ ilé tí àwòrán wà, nígbà tí ara ẹ̀ ò wá yá tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kọ́tìnnì aláwòrán ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀! Ó ya ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu, èkejì ní ṣé o ò gbọ́ nígbà tí Zayd ní "àfi iṣẹ́ ọnà tó bá wà lára aṣọ" ni? Ibí yìí làwọn onímímọ̀ ti pín sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú mazhab (ọ̀nà òye ẹ̀sìn) Maliki, èyí tí àwọn bàbá wa ń kà láti Ìlọrin títí dé Ìbàdàn, ère tó ní òjìji tí ẹ̀yà ara ẹ̀ sì pé ni wọ́n sọ pé haraamu ni pátápátá, èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, makruuhu ni wọ́n pè é, ìyẹn ohun tí kò dáa kéèyàn ṣe àmọ́ tí kò tó haraamu. Ẹni tó bá ti ka Risala, ìwé Maliki, nílé kéwú á rántí, ó ní àwòrán ara ibùsùn àti ara ògiri makruuhu ni, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ò sí lára ẹ̀, àmọ́ kéèyàn má lò ó ló dáa jù. Ibẹ̀ lèmi náà dúró sí. Ẹni tó bá ní haraamu ni gbogbo ẹ̀, kò purọ́, ẹ̀rí tiẹ̀ náà lágbára, tó o bá sì torí ẹ̀ fi ẹlẹ́mìí yíyà sílẹ̀ o ò pàdánù nǹkan kan. O ò sì gbọ́dọ̀ máa fi fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń fi sí status fèsì fún un o, ti kámẹ́rà yàtọ̀ sí àfọwọ́yà lójú ọ̀pọ̀ onímímọ̀.

Ohun tó wà nínú ìtàn yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí n má baà sọ ohun tí mi ò mọ̀, mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin fi Naruto yìí hàn mí. Ó ní ará Japan kan tó ń jẹ́ Kishimoto ló yà á láti 1999 títí di 2014, wọ́n sì sọ ọ́ di sinimá. Àfi bí ọmọ inú ẹ̀ ṣe fi eyín gé àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ jáde, ó fi ìka ṣe àmì oríṣiríṣi, ó gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, ni ọ̀pọ̀lọ́ ràbàtà bá yọ. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣebí ohun tí àwọn bàbá ńlá wa jù sílẹ̀ nìyí tẹ́ ẹ tún ń fi dátà rà pa dà? Orochimaru kan ń fi alààyè rúbọ kí òkú lè dìde, Hidan kan ń pa èèyàn fún òrìṣà tó ń pè ní Jashin. Nígbà tó wá dé ibi tí Naruto ti ń sọ ara ẹ̀ di obìnrin oníhòòhò, ojú tì mí níwájú ọmọ mi, mo ní kó pa á.

Kéèyàn sọ ìtàn kèfèrí ò sọ ọ́ di kèfèrí, Àlùkùránì sọ fún wa pé Firiaona (Fáráò) ní òun ni olúwa tó ga jù. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ò sọ ọ́ kó lè wù wá. Ìtàn tìẹ, ìwọ lò ń rò ó, ta ló fi dandan lé e pé kí ẹ̀jẹ̀ àti òrìṣà wà níbẹ̀? Yọ ọ́ kúrò, wọṣọ fáwọn obìnrin inú ẹ̀, torí gbogbo ẹni tó bá wò ó, ọwọ́ ẹ ló ti rí i.

Ọ̀rọ̀ títà yẹn, má dá a láṣà. Àwọn ẹ̀dá yẹn ní ẹni tó ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ onímímọ̀ Fiqh (òfin ẹ̀sìn) ti àgbáyé jókòó ní Kuwait ní 1988, wọ́n ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ ẹ̀, dúkìá ni nínú ẹ̀sìn, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Lóòótọ́ ní Japan níbẹ̀, láti 1975 ni wọ́n ti ń ṣe ọjà Comiket ní Tokyo tí àwọn olólùfẹ́ ń ta irú kọ́míìkì báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà làwọn olówó ẹ̀ sì máa ń ṣe bíi pé àwọn ò rí wọn. Àmọ́ kónílé dákẹ́ ò túmọ̀ sí pé ó ní kó o máa kó ẹrù. Tówó bá ń wù ẹ́, ya ẹ̀dá tìẹ, fún un lórúkọ tìẹ, o ti ní ìtàn ná.

Ó wá ku ìrun. Aago kan ààbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀! Ìgbà tí lèmọ́mù wà lórí mínbárì! Ànábì ní tó o bá sọ fún ẹnìkejì ẹ pé "dákẹ́" nígbà tí lèmọ́mù ń ṣe kùtúbà, o ti sọ ọ̀rọ̀ tí ò wúlò, ìwọ tó ń wo iye èèyàn tó ti ṣe like wá ńkọ́? Sún un di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé, àwọn tó ń fọ́lò ẹ ò ní kú. Tó bá sì ti di aago mọ́kànlá alẹ́, fóònù náà gbọ́dọ̀ sùn. Bí yíyà bá ṣì ń gba Àsùbáà lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé lórí tìẹ kì í ṣe makruuhu mọ́ nìyẹn, fi sílẹ̀.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹ fà ya, má lẹ òmíì. Aisha, ìyàwó Ànábì, ní kọ́tìnnì aláwòrán kan, Ànábì ní kó gbé e kúrò, pé àwọn àwòrán ẹ̀ ò yéé yọ sóun lójú ìrun. Ká ní ó bi ẹ́ kó tó fà á ya ni, ìyẹn ì bá dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni.

Ti Ànábì Yúsúfù, rárá o. Ànábì kankan, a kì í yà wọ́n, ì báà jẹ́ bíi ti Naruto tàbí bíi ti ẹni tó mọ̀ ọ́n yà jù láyé, kó o sì sọ fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ pé èmi ni mo ní kó o má ṣe é. Ojú Yúsúfù tí àwọn obìnrin rí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ara wọn lọ́wọ́ láìmọ̀, irú ojú wo lo fẹ́ fi ìka yà lórí fóònù? Wallaahu a'lam.