DVD Shrink, HandBrake tàbí MakeMKV: èwo ni ká fi tọ́jú díìsì fíìmù ilé?

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ rèé: báàgì díìsì kan wà nílé àwọn òbí wọn ní Mushin. Fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ń rà bọ̀ wà nínú ẹ̀, fídíò òkú bàbá àgbà wà níbẹ̀, ti ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí náà wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí hard disk kan kó tó bàjẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n lo sọ́fítíwíà DVD Shrink, òmíràn ní HandBrake, òmíràn tún ní MakeMKV. Wọ́n wá ní kí a sọ èyí tó ń fún fíìmù pọ̀ dáadáa jù.

Mo ti ń bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́ tipẹ́, lórí díìsì tèmi àti tàwọn ará ilé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ṣe. MakeMKV kì í fún nǹkan kan pọ̀ rárá, kó fíìmù jáde bó ṣe wà ni tiẹ̀. DVD Shrink ń dín fíìmù kù kó lè wọ inú díìsì mìíràn. HandBrake ní tiẹ̀ ń sọ fíìmù náà di fáìlì tuntun pátápátá, èyí tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n òde òní lè mú. Torí náà, kí a tó bèèrè èyí tó dára jù, irú díìsì tó wà nínú báàgì yẹn àti ibi tí ẹ ti fẹ́ máa wò ó ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí DVD Shrink bẹ̀rẹ̀, òun làwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún 2004 ni ẹ̀dà 3.2 rẹ̀ jáde, iṣẹ́ sì dúró lórí ẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ni pé fíìmù tí iléeṣẹ́ ńlá bá tẹ̀ sábà máa ń wà lórí díìsì onípele méjì tó gba gígábáìtì 8.5, bẹ́ẹ̀ 4.7 péré ni díìsì òfìfo tí à ń rà lọ́jà gbà. Shrink á ka àwòrán MPEG-2 (ọ̀nà tí DVD ń gbà fún àwòrán pọ̀) tó wà nínú díìsì, á gé lára àwọn nǹkan tín-tìn-tín tí ojú lè má tètè mọ̀, á sì dá a padà sí MPEG-2 kan náà. Kì í tú àwòrán palẹ̀ pátápátá kó tó tún un tò, ìdí nìyẹn tó fi yára. Kọ̀ǹpútà tó ti gbó pàápàá lè parí fíìmù kan kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀rọ DVD tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n màmá yín á sì mú díìsì tó bá ti ibẹ̀ jáde, pẹ̀lú menu rẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí mo máa ń tẹjú mọ́ jù nínú Shrink ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, ìyẹn ìwọ̀n àwòrán tó máa ṣẹ́ kù. Bó bá wà ní 85, ojú ò ní mọ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ 60, ẹ wo ibi tí òjò ti ń rọ̀ tàbí ibi tí èrò ti ń jó: ẹ ó rí i tí àwòrán ń di igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké. Kí ẹ tó jẹ́ kó gé àwòrán débẹ̀, ẹ yọ ohùn tí ẹ ò nílò kúrò. Ohùn AC-3 kan (irú ohùn Dolby tí wọ́n ti fún pọ̀) tó ń lọ ní kílóbíìtì 448 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 400 nínú fíìmù wákàtí méjì. Fíìmù òyìnbó tó ní ohùn Faransé àti ti Sípéènì, bí ẹ bá ti yọ méjèèjì, ẹ ti rí nǹkan bíi gígábáìtì 0.8 gbà padà láìfọwọ́ kan àwòrán rárá. Ẹ sì máa tẹ deep analysis kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á fi àkókò kún un, ṣùgbọ́n á pín ìyà náà dáadáa láàárín ibi tó rọrùn àti ibi tó le nínú fíìmù.

Fídíò òde ló máa ń dá Shrink lágara. Àwọn oníkámẹ́rà wa kan máa ń fi ohùn PCM sórí díìsì láìfún un pọ̀. Kílóbíìtì 1,536 ni ìyẹn ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí méjì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 1.4. Shrink ò lè dín ohùn kù, àwòrán nìkan ló ń gé, á wá máa fìyà ohùn jẹ àwòrán. Bí mo bá ti rí PCM lórí díìsì òkú tàbí ìgbéyàwó, mi ò kì í wulẹ̀ ṣí Shrink.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo DVD Rebuilder dípò Shrink. Òótọ́ ni, àwòrán rẹ̀ dára ju ti Shrink lọ bí fíìmù bá gùn, torí pé ó ń tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ ó lè gba gbogbo òru, bí wọ́n bá sì mú iná lọ láàárín òru, ẹ mọ bó ṣe máa rí. Bí ẹ ò bá ní dá a padà sórí díìsì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu sí i.

MakeMKV ni mo fẹ́ràn jù fún ohun tí ẹ béèrè yìí, pàápàá nítorí pé kì í fún nǹkan kan pọ̀. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ hard disk yẹn dáadáa. Terabáìtì 1 lè gba díìsì 4.7 tó lé ní igba láìdín ìkankan kù. Ṣé díìsì tó wà nínú báàgì Mushin yẹn tó igba? Bí kò bá tó, kí lẹ fẹ́ fún pọ̀? Ohun tí ẹ bá gé kúrò lára àwòrán lónìí, kò sí sọ́fítíwíà tó máa dá a padà bí ẹ bá fẹ́ ẹ lọ́la. Ẹ̀dà tó pé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó pamọ́. Tó bá wá ṣe pé àbúrò yín ní Peckham ní kí ẹ fi ti ìgbéyàwó ránṣẹ́ sórí fóònù òun, inú ẹ̀dà tó pé yẹn lẹ ó ti fa kékeré yọ.

Irú díìsì kan wà tí fífún un pọ̀ ò tiẹ̀ bójú mu rárá: èyí tí wọ́n kó fíìmù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jọ sí. Fíìmù mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, wákàtí méjìlá nìyẹn lórí gígábáìtì 4.7. Bí ẹ bá pín in, kò tó kílóbíìtì 900 tó kan ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ohùn àti àwòrán pọ̀. Bẹ́ẹ̀ DVD lè gbé àwòrán dé 9,800. Ẹni tó ṣe díìsì yẹn ti fún un tán kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fi MakeMKV kó o jáde, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ MakeMKV ò lè kó ohun tí ẹ̀rọ ò bá lè kà. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń le. Díìsì tí wọ́n kọ nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn DVD-R, inú aró ni ìsọfúnni rẹ̀ wà, aró yẹn sì ń ṣá, àgàgà bó bá wà níbi tí oòrùn ti ń tà sí i. Bí díìsì bá ti ń ké kíríkírí nínú ẹ̀rọ, tí fídíò ń dúró, ẹ má fi ipá kó o pẹ̀lú MakeMKV tàbí HandBrake. Ẹ lọ sórí Linux, kí ẹ lo GNU ddrescue, sọ́fítíwíà tó ń kó ìsọfúnni jáde lára díìsì tó ń bàjẹ́. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ (/dev/sr0 ni ẹ̀rọ DVD, oku.iso ni fáìlì ẹ̀dà díìsì náà lódindi):

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 oku.iso oku.map

Lẹ́yìn náà:

ddrescue -d -r3 -b 2048 /dev/sr0 oku.iso oku.map

Àkọ́kọ́ á kó gbogbo ibi tó rọrùn láìjanpata, èkejì á padà wá gbìyànjú ibi tó le. Fáìlì map yẹn ni ọ̀gá. Ó ń kọ ibi tó ti kà àti ibi tí kò tíì kà sílẹ̀, tí iná bá lọ, ẹ tún òfin kan náà tẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ẹ lè yọ díìsì náà, kí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ DVD mìíràn, kí ẹ lo oku.iso àti oku.map kan náà. Ibi tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ò rí kà, èkejì lè rí i, ẹyọ ìwé kan ni wọ́n jọ ń kọ. Ẹ̀rọ tó ti gbó tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti bá mi ka ibi tí ẹ̀rọ USB tuntun kọ̀. Ẹ má tètè da ti àtijọ́ nù. Bí ISO bá ti wà nílẹ̀, MakeMKV àti HandBrake á ṣí i bí ẹni ṣí díìsì.

Ó wá kan HandBrake. Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì kékeré tó dára, kò sí èyí tí mo lè fi ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tuntun tó ń lò, lè gbé àwòrán tó dọ́gba pẹ̀lú MPEG-2 ní nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Fún díìsì, ẹ gbé RF, ìyẹn nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dára tó, sí 20. Bó bá jẹ́ pé ojú yín mú, 18. Nọ́ńbà tó bá kéré ló ń fún yín ní àwòrán tó dára, kì í ṣe èyí tó pọ̀. H.265 á tún dín in kù sí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra, tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ díẹ̀ sì lè má mú un. Fún àwòrán tí kò ju 720 × 576 lọ, H.264 tó. Ẹ sọ ohùn PCM tó ń jẹ gígábáìtì yẹn di AAC (ohùn tí wọ́n fún pọ̀) ní kílóbíìtì 160, á bọ́ sí nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 144 fún wákàtí méjì.

Ibi tí HandBrake ti ń ba fídíò òde jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlà. Kámẹ́rà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ya òde máa ń ya ìdajì àwòrán nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kó méjì méjì pọ̀ sójú kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá fídíò dúró níbi tí kọ̀ǹgọ́ onígángan ti ń bọ̀ lójú awọ, tàbí ibi tí ẹnì kan ti ń lẹ owó mọ́ iwájú orí ìyàwó: ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín bíi eyín òòyà létí ọwọ́ náà. Lábẹ́ Filters, ẹ gbé Deinterlace sí Bwdif tàbí Yadif, kí ẹ sì yan Bob. Bob á sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di àwòrán tirẹ̀, ijó á máa yọ̀ geere bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹ padà lọ sí Video, kí ẹ gbé Framerate sí Same as source. Àwọn ètò tó ti wà nílẹ̀ máa ń há a mọ́ àwòrán 25 tàbí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo iṣẹ́ Bob á sì ṣòfò. Díìsì tí ẹbí gbé ti Amẹ́ríkà wá, 720 × 480 ni, ní 29.97, ẹ má gbìyànjú àtisọ ọ́ di 25, á máa ta kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Anamorphic wà lórí Automatic, kí àwọn èèyàn má baà fẹ̀ tàbí kí wọ́n gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Tó bá jẹ́ iná NEPA lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ yan irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní MKV, ẹ má yan MP4. MP4 máa ń kọ atọ́nà rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá parí, bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, fáìlì náà ò ní ṣí. MKV tó dúró láàárín ọ̀nà á ṣì ṣeé wò títí débi tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó ti tún iṣẹ́ náà ṣe.

HandBrake nìkan ò lè ṣí díìsì tí iléeṣẹ́ fi CSS, ìyẹn àgádágodo orí DVD, tì. MakeMKV ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ díìsì Yorùbá tó ti kọjá lọ́wọ́ mi ni kò ní títì kankan. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ ti ilé yín. Àwọn tó ṣe fíìmù wọ̀nyí ti jìyà tó lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ tà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀dà yín má ti inú ẹbí bọ́ sọ́jà.

Nígbà tí ẹ bá dé Mushin, ẹ yí ẹ̀yìn àwọn díìsì náà síta. Èyí tó bá ń dán bíi fàdákà, iléeṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, ó lè dúró dè yín. Èyí tó bá ní àwọ̀ àlùkò ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, pàápàá ti òkú bàbá àgbà, torí kò sí ọjà tí ẹ ti lè rí òmíràn rà. Tí ẹ̀rọ bá kọ èyíkéyìí, ẹ sọ iye tí ddrescue ní ó kù àti irú ẹ̀rọ tí ẹ lò, màá bá yín wò ó.