Òwú irun àgùntàn tí kò fẹ́ dúró gún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Scotland fi òwú irun àgùntàn ránṣẹ́ sí mi, gíráàmù 300. Ọwọ́ ni wọ́n fi ran án, okùn kan ṣoṣo ni. Mo fẹ́ fi hun súwẹ́tà fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin; àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65. Òwú náà nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, èyí tí mo sì hun dánwò ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n hun ni? (Màmá kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n hun. Òwú yẹn ló lágídí. Wọ́n lọ́ ọ jù nígbà tí wọ́n ń ran án, ó wá ń wá bí yóò ṣe tú ara rẹ̀, ó sì ń fa aṣọ tẹ̀ lé e. Ẹ fa ìwọ̀n apá kan jáde, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú pọ̀, kí àárín rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Bó bá ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀, ẹ ti rí ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ ọn títí yóò fi gbẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Á gún lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ súwẹ́tà náà ni yóò padà sídìí ìwà rẹ̀. Ẹ kúkú pa okùn méjì pọ̀, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ òwú lọ́ wọn sí òdìkejì ibi tí wọ́n lọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ran òwú kíjìpá ò ní kà á sí iṣẹ́ rárá. Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà yẹn, ẹ má hun ún ní níìtì lọ (híhun tí òwú wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́), pọ́ọ̀lù bọ̀ (híhun tí òwú wà níwájú abẹ́rẹ́). Níìtì lọ, níìtì bọ̀ ni kí ẹ ṣe. Ìlà tí ẹ hun lọ àti èyí tí ẹ hun bọ̀ á máa fa ara wọn padà, kò ní lè wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti nínípọn àti títín-ín-rín yẹn ò le. Ẹ máa fi ìdì méjì hun pọ̀, ìlà méjì láti ara èyí, ìlà méjì láti ara ìkejì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àyà lè fẹ̀ kí ikùn sì há.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Ẹ hun àdánwò mìíràn, sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìbú àti gígùn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí irun àgùntàn máa ń yí padà lẹ́yìn omi. Kò dà bí wúùlù ọjà tí ike pọ̀ nínú rẹ̀. Ká ní ẹ ka ojú híhun 16 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún àyà ọmọ náà kó lè mí dáadáa nínú rẹ̀, ó di 75. Ojú 120 ló máa gbà yípo, 60 níwájú, 60 lẹ́yìn.

Ẹ tún gbé àdánwò yẹn sórí ìwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò. Bó bá jẹ́ gíráàmù 9, súwẹ́tà tí ara rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó 35, á gbà tó gíráàmù 205 sí 230. Òwú yín á tó, á ṣẹ́ kù pàápàá.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ má bó o, ẹ má fún un. Omi gbígbóná pẹ̀lú bíbó á mú kó sún kì, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbòòji. Orí okùn á fà á gùn. Ẹ kìlọ̀ fún ìyá ọmọ náà pé kó má sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Òwú tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú súwẹ́tà náà. Ìgbọ̀nwọ́ ló máa kọ́kọ́ lu.