Omi Ìgò Kan Kò Tó Láti Dá Odò Láre

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Odò kan ṣàn gba ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀tà, àwọn ilé iṣẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, omi náà á máa yọ ìfófó bí omi ọṣẹ, á sì máa rùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mọ́ gaara. Àwọn kan wá lọ́sàn-án, wọ́n bu omi ìgò kan, wọ́n ní kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣé a lè máa fi bomi rin ẹ̀fọ́ wa?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi bomi rin nǹkan kan. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, nítorí náà omi ọ̀sán kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó kọjá lóru. Òjé àti cadmium, àwọn irin olóró, bí wọ́n bá ti yòrò sínú omi, wọn kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní òórùn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n máa ń so mọ́, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí omi tí ó gbé wọn wá ti lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ bu omi, kí ó bu ẹrẹ̀, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù ilé iṣẹ́ ti ń da omi sódò, ní òru àti ní ọ̀sán, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ásíìdì fọ̀, kí ó sì kán ásíìdì díẹ̀ sínú omi náà kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bí ó bá jẹ́ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lásán ni wọ́n mú wá, ẹ bi wọ́n.

Ní odò Jinzu, ní Jápáànì, cadmium láti ibi ìwakùsà Kamioka bá omi wọ oko ìrẹsì. Egungun àwọn tí ó jẹ ìrẹsì náà, pàápàá àwọn ìyá àgbà, rọ, ó sì ń kán. Igbe ìrora wọn, “itai-itai”, ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ. Nígbà tí àwọn ará ìlú borí ní kóòtù ní 1971 àti 1972, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n gbà: wọ́n mú kí ilé iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ará ìlú lè wọlé pẹ̀lú onímọ̀ láti yẹ ibẹ̀ wò, kí ilé iṣẹ́ sì san owó rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ yìí ju owó lọ.

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, wákàtí, àwọ̀ omi àti ẹja tí ó kú sínú rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò. Ẹ mú un lọ sí NESREA, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2007 fún irú ọ̀ràn yìí, kí ẹ ní kí wọ́n wá lóru. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kànga yín wò pẹ̀lú, nítorí pé sísè kì í lé òjé kúrò nínú omi.