Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Pèrègún tí mo gé gbìn ń jẹrà

Ìbéèrè: Pèrègún kan wà níwájú ilé mi tó ti ga jù mí lọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo láìsí ewé. Mo gé e sí ọ̀nà púpọ̀, mo rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè di ọgbà, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti rà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Omi tí ẹ fi ń kẹ́ wọn gan-an ló ń pa wọ́n. Pèrègún, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Dracaena fragrans, jẹ́ igi ilẹ̀ olóoru Áfíríkà tó máa ń fi omi àti oúnjẹ pamọ́ sínú ara rẹ̀, nítorí náà òǹgbẹ kì í tètè pa èyí tí a bá gé. Ojú ọgbẹ́ tí kò tíì gbẹ, tí a wá rì sínú ẹrẹ̀, ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Ẹ wo ara igi náà dáadáa, ẹ ó rí àwọn òrùka tín-ín-rín tó yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àpá ewé tó ti já bọ́ ni wọ́n, ẹ̀bá wọn sì ni ojú tí yóò rúwé fara pamọ́ sí. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé igi náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, kí òrùka mélòó kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, torí pé bí ewé kò bá sí lára rẹ̀ mọ́, orí àti ìdí á jọra, èyí tí a bá sì dorí rẹ̀ kodò kì í sábà ṣe dáadáa. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi.

Ẹ tẹ́ wọn síbi ìbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ po iyanrìn àti ilẹ̀dú ní ìdọ́gba sínú ike tó ní ihò nídìí, kí ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò lójú oòrùn gangan. Ẹ bomi rin ín lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa ki ìka bọ ilẹ̀ náà, bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó lè rúwé kí ó tó ta gbòǹgbò rárá, nítorí oúnjẹ tó wà nínú igi ni ewé àkọ́kọ́ yẹn ń jẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyẹn: wọ́n á rí ewé, wọ́n á fà á tu láti wò ó, àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á sì já. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti ń yọ ní ihò ìdí ike, ẹ lè gbé e lọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Ṣóńṣó orí tó ní ewé ló máa ń yá jù. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gé ìyókù sí ìdajì, kí ẹ sì gbìn ín bákan náà. Kùkùté tó kù nílẹ̀ kò gbọdọ̀ di títu, nítorí ó máa ń yọ ẹ̀ka tuntun lábẹ́ ibi tí a ti gé e. Bí ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ má fi àjẹkù ewé rẹ̀ sílẹ̀, ó ń mú wọn bì.

Ní ti àwọn tó ṣì le lára èyí tí ẹ ti gbìn, ẹ hú wọn lónìí, kí ẹ gé gbogbo ibi tó ti rọ̀ tàbí tó ti pọ́n kúrò títí ẹ ó fi kan ibi funfun, kí ẹ sá wọn níbi ìbòòji, kí ẹ sì tún wọn gbìn.